Oníbodè Ti Wọ Inú Ẹ̀rọ Géèmù

 

Kò sí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí kò mọ ohun tí à ń pè ní lọ́ọ̀káòtù. Ẹ ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́, ẹ ó bá àgádágodo ńlá lára rẹ̀. Ọ̀gá ti tì yín mọ́ta kí ebi lè bá yín wí, kí ẹ lè wá bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀káòtù mìíràn wà lóde báyìí tí kì í ṣe ti géètì ilé-iṣẹ́. Inú ọjà ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ ra ọjà ni wọ́n ń tì mọ́ta, lẹ́yìn tó ti sanwó tán. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé géèmù tí àwọn ọmọ wa ń ta lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó dá lé.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, awakọ̀ tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yege nínú ìdánwò. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìlú Ọba bá a yọ̀, ó sì fi káàdì owó géèmù ránṣẹ́ sí ọmọ náà, káàdì ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Ọmọ tẹ nọ́ńbà káàdì sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀.

"Kí ló dé?" ni bàbá bi í.

"Wọ́n ní káàdì yìí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè mi, sà."

"Orílẹ̀-èdè rẹ wo? Ṣé ti Nàìjíríà ni wọ́n ń fẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Nàìjíríà kò sí nínú ìwé wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Amẹ́ríkà ni mò ń gbé kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. Káàdì tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù sì fi ránṣẹ́, ti Ìlú Ọba ni."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Nítorí náà, owó tòótọ́ ni wọ́n kọ̀, irọ́ ni wọ́n gbà." Títí di òní, káàdì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ọgbọ̀n pọ́n-ùn tó wà nínú rẹ̀. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni í, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣà ọjà náà ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa fi wá rẹ́rìn-ín: "Owó epo ń gorí, owó gaàrí ń gorí, géèmù ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá ń pariwo lé lórí!" A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Bí ilé-iṣẹ́ bá lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹlòmíràn nínú wọn á fi ìwọ̀nba owó tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ra tẹlifíṣọ̀n méjì, ẹ̀rọ géèmù tòkunbọ̀ méjì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Á gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa sanwó fún un kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Géèmù tó ń rà jẹ́ irinṣẹ́ fún un, bí táyà ṣe jẹ́ fún awakọ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni onítọ̀hún dí. Àti pé, nítorí kí òṣìṣẹ́ lè ní àkókò fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe jà fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́. Ta ló wá sọ pé eré kò tọ́ sí ọmọ òṣìṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ bí àgádágodo náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kí a má bàa máa jà nínú òkùnkùn. Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù kan jáde ní Japan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, wọ́n fi ẹ̀yà kékeré kan sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi èkejì rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kí ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì kò bá mọ ìkíni náà, ẹ̀rọ á kú, á jí, á tún kú, á tún jí, eré kò ní bẹ̀rẹ̀ láéláé. Wọ́n sì ṣe é kí ìkíni ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ẹni tó bá ra kásẹ́ẹ̀tì níbì kan kò lè lò ó níbòmíràn.

Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí àwòrán rẹ̀ ń jáde ní dúdú àti funfun lórí tẹlifíṣọ̀n wa, tàbí èyí tó jóná nítorí pé iná 110 ni wọ́n ṣe é fún tí ẹnì kan sì kì í bọ iná 240. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà ẹnikẹ́ni, ọ̀nà tí oníkálukú gbà to iná àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ti fíìmù DVD, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Wọ́n pín ayé sí àgbègbè, wọ́n fi nọ́ńbà sí i lára bí ẹni ń fi àmì sára ewúrẹ́. Amẹ́ríkà ni 1, Yúróòpù àti Japan ni 2. Wọ́n fi South Africa àti Egypt sí 2 pẹ̀lú wọn. Àwa Nàìjíríà, 5 ni wọ́n fún wa. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn sí nọ́ńbà yìí kò ní fi fíìmù nọ́ńbà mìíràn hàn, bó ti wù kí owó tí ẹ fi rà á pọ̀ tó. PlayStation 2 tó jáde ní ọdún 2000 ní irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ lára.

Nígbà tó yá, wọ́n tú àgádágodo kúrò lára ọ̀pọ̀ géèmù. Èyí tí a rà fún PlayStation 4 ní Dubai yóò ṣiṣẹ́ ní Ìmùṣin, ti Nintendo Switch tó jáde ní 2017 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìjà ti parí. Kò parí o. Àgádágodo kàn kúrò lára àwo ni, ó bọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Lónìí, kí èèyàn tó ra ọ̀pọ̀ géèmù, ó ní láti ṣí àkántì. Àkántì á bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló ń gbé. Ìdáhùn yẹn ni yóò sọ ọjà tó lè wọ̀, iye tó máa san, àti káàdì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2024 tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí àkántì PlayStation Network ti Sony, South Africa wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Láti ọdún 2020 tí PlayStation 5 ti jáde, 70 dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ géèmù ńlá tuntun rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì tó nǹkan bí 70 pọ́n-ùn ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin Ìlú Ọba ní kí òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 má gba ohun tó dín ní pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ńsì 21 fún wákàtí kan. Ẹni tó kéré jù níbẹ̀ yóò ra géèmù náà kí iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tó pé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi owó wákàtí kan sí dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25, yóò rà á kí wákàtí mẹ́wàá tó pé.

Ẹ wá gbọ́ tiwa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kéde 77,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Bí ẹni náà bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, 3,500 ni ó ń gbà lójúmọ́. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 70 dọ́là di 105,000. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 gbáko nìyẹn fún géèmù kan, láìjẹun, láìwọ mọ́tò, láìsan owó ilé. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà lójú ìwé ìjọba, géèmù náà jẹ́ nǹkan bí 32,000, owó oṣù tó kéré jù sì jẹ́ 30,000. Ẹ rí i pé a jà, wọ́n fi kún owó oṣù, ṣùgbọ́n iye ọjà fò kọjá orí wa. Àní ẹni tó rí owó náà kó jọ kò bọ́. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni díẹ̀ nínú wọn tó tún ṣí i.

Àwọn oníléeṣẹ́ géèmù ní àwíjàre, ó sì yẹ ká gbọ́ tẹnu wọn kí a tó dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní bí àwọn bá fẹ́ ta ọjà ní pọ́ọ́kú fún ìlú tálákà, àfi kí àwọn ṣọgbà yí i ká, kí ọlọ́rọ̀ ìlú mìíràn má bàa wá kó o lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Valve, tó ni ọjà Steam, ń fi péso tà ní Argentina, ó sì ń fi líírà tà ní Turkey. Nígbà tí owó méjèèjì wálẹ̀, àwọn ará ìlú mìíràn ń parọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn ń gbé kí wọ́n lè rà á ní pọ́ọ́kú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Valve ní owó méjèèjì ń yí padà jù, ó sì sọ wọ́n di dọ́là. Àwọn mẹ̀kúnnù ìlú yẹn ni ó dùn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Ọgbà tí wọ́n ń sọ yìí, ọgbà tó yí ọjà pọ́ọ́kú ká ni. Tiwa ńkọ́? A rí ọgbà, a kò rí pọ́ọ́kú! Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, Valve ya iye dọ́là kan sọ́tọ̀ fún Turkey àti àwọn ará àgbègbè rẹ̀, kí ó lè dín sí ti Amẹ́ríkà. Egypt àti Morocco wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí. Iye tí Amẹ́ríkà ń san ni wọ́n ń bu fún wa. Wọ́n ń tì wá mọ́ta bí ará Áfíríkà, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ wa bí ará Amẹ́ríkà. Ọ̀bẹ náà gé wa ní ojú méjèèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Nígbà tí owó yen ti Japan wálẹ̀, kí ni Nintendo ṣe? Ní ọdún 2025, wọ́n gbé Switch 2 jáde ní oríṣi méjì ní Japan. Èyí tó ń sọ èdè gbogbo ayé jẹ́ 69,980 yen. Èyí tó ń sọ èdè Japan nìkan, tí àkántì Japan nìkan sì lè lò, jẹ́ 49,980. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀dínwó sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún àwọn ará ilé. Owó yen wálẹ̀, wọ́n dín in kù. Owó náírà já láti orí àjà bọ́ sí kòtò, ta ló dín nǹkan kan kù? Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọ Japan, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọ Ìjẹ̀bú, bí wọ́n bá kà á sí ènìyàn.

Àwa Ìjẹ̀bú kọ́ ni wọ́n sì máa kọ́ ní ìtàn bodè. Láyé àtijọ́, ọ̀nà láti etí ọ̀sà lọ sí òkè gba inú ilẹ̀ wa kọjá. Oníbodè jókòó sẹ́nu bodè, ó ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó sì ń dá àwọn kan padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ní ìwà burúkú ni, wọ́n ní ọjà gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ láìsí ìdènà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, wọ́n kó ìbọn Maxim wá, wọ́n jà ní Ìmàgbọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ṣàn nítorí bodè. Bodè tí àwọn òyìnbó fi ìbọn wó lójú ọ̀nà wa nígbà náà, àwọn oníṣòwò òkèèrè ló wá ń kọ́ ọ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún wa lónìí. Oníbodè àtijọ́ ní ojú, ó ní etí, a lè bá a nájà. Oníbodè inú ẹ̀rọ kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ẹ̀yin ará Nàìjíríà kì í ra ojúlówó, ayédèrú ni ẹ ń rà." Ó dáa. Nígbà ayé PlayStation 2, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú nínú àti àwo ayédèrú ló kún ọjà, a kò ní parọ́. Ẹgbẹ́ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣe géèmù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú pa, tó sì gbé owó rẹ̀ kọjá agbára olówó oṣù, kò gbọdọ̀ ya ẹnu nígbà tí àwọn èèyàn bá gba ẹ̀yìnkùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, Microsoft dá òṣìṣẹ́ 1,900 dúró ní ẹ̀ka géèmù rẹ̀. Ní oṣù Kejì, Sony dá nǹkan bí 900 dúró ní ẹ̀ka PlayStation. Ẹni tó ń rà ń sunkún, ẹni tó ń ṣe é ń sunkún. Ẹ bi ara yín, ta ló wá ń rẹ́rìn-ín?

Ṣé a lè borí? A lè borí o, nítorí àwọn mìíràn ti borí. Ní ọdún 2013, Microsoft kéde òfin líle lórí Xbox One, orílẹ̀-èdè 21 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ yàn fún un. Àwọn oníbàárà pariwo, wọ́n sì gbé òfin náà kúrò ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n ní kò sí àgádágodo àgbègbè mọ́. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2024, Sony ní àwọn tó ń ta géèmù Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní àkántì PlayStation, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tà á fún àwọn ará ìlú tí àkántì náà kò sí. Wọ́n mú géèmù náà kúrò lọ́jà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Ariwo ta káàkiri ayé, Sony sì fà sẹ́yìn láàrin ọjọ́ díẹ̀ lórí ọ̀ranyàn àkántì náà. Ní Yúróòpù, ìjọba wọn bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 7.8 owó yúrò lé Valve àti ilé-iṣẹ́ géèmù márùn-ún lórí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nítorí pé géèmù tí ẹnì kan rà ní Poland kò ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn láàrin wọn. Valve gbé e lọ sílé-ẹjọ́, ó sì pàdánù ní ọdún 2023.

Yúróòpù ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀. Àwa náà ní àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, FCCPC. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ yìí bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni Facebook lórí. Ẹni tó lè di Meta lápá mú lè bá àwọn oníléeṣẹ́ géèmù sọ̀rọ̀, bí a bá ké sí i.

Nítorí náà, ẹ̀ka wa fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta, a ó sì gbé e lọ sí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n fi iwé ránṣẹ́ sí àjọ náà.

Èkíní: ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé rẹ̀, kí ọmọ wa má ṣe parọ́ ibi tó ń gbé kó tó ra ọjà.

Èkejì: kí wọ́n mú ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a san iye tí Amẹ́ríkà ń san, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kí iye ọjà bá owó oṣù wa mu, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní náírà.

Ẹ̀kẹta: káàdì tí ẹnì kan ti sanwó fún, níbikíbi tó bá ti wá, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè iye tí wọ́n san àti ibi tí wọ́n ti kọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù géèmù, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ kó wọn wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí ẹjọ́ wa lè ní ẹ̀rí lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti ṣèlérí pé òun á mú káàdì ọgbọ̀n pọ́n-ùn yẹn wá, òun la ó sì kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìwé náà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.